Ta Ni Yóò Dán Ìdánwò Wò? Láti Pákó Bọ́lẹ̀kájà dé Fáíbà Ọkọ̀ Èrò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, 'Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.' Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò ní ìlú ńlá bí Ìbàdàn mu gidigidi. Ẹni tí ó bá dúró lábẹ́ afárá Mọ́lété ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ó fara balẹ̀ wo inú àwọn ọkọ̀ tí ń kó èrò lọ sí Òkè-Àdó, Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, yóò rí i pé nínú púpọ̀ nínú wọn, ìjókòó kò jọ ìjókòó mọ́. Ẹnì kan ti fi abẹ ya awọ rẹ̀. Ẹlòmíràn ti ń fa fóòmù inú rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀. Etí páànù sì ti gbé ara sókè, ó ń dúró de aṣọ tí yóò fà ya. Nígbà náà ni oníṣòwò kan yóò dé, yóò ní òun ní ohun-èlò tuntun tí ọwọ́ abanǹkanjẹ́ kò lè ràn. Bí a bá bi í pé báwo ni ó ṣe mọ̀, yóò mú ìwé-ẹ̀rí ìdánwò jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a gba ìwé náà, ọ̀rọ̀ a sì parí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun-èlò ni ìdánwò náà dán wò. Ta ni ó dán ìdánwò náà fúnra rẹ̀ wò?

Kí ìbéèrè yìí lè yé wa yékéyéké, ó yẹ kí a tọ ipasẹ̀ ọkọ̀ èrò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ayé Pákó

Ọdún 1901 ni ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó. Ní nǹkan bí ọdún 1906 ni ìjọba la ọ̀nà tí ọkọ̀ mọ́tò lè gbà láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ alárùú. Nígbà tí òwò kòkó búrẹ́kẹ́, ọkọ̀ ẹrù di ohun tí àwọn ọlọ́jà ń du. Olóyè Salami Agbájé sì wà lára àwọn oníṣòwò Ìbàdàn tí ó tètè rí èrè tí ó wà nínú òwò ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ó kó kòkó lọ kì í fẹ́ bọ̀ lófìfo, nítorí náà ni ó fi ń gbé ènìyàn pẹ̀lú.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí kò yẹ kí a fojú fò. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà kò ti òkè òkun dé ní odidi. Ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀ ọkọ̀, àti egungun ìsàlẹ̀ tí a ń pè ní ṣáásì ni wọ́n ń kó wọlé; Bedford àti Austin sì gbajúmọ̀ nínú wọn lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ wa ni wọ́n ń kan ilé lé e lórí. Pákó ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, pákó gbọọrọ sì ni àga tí èrò ń jókòó lé. Ọkọ̀ yìí ni ìlú sọ ní bọ́lẹ̀kájà, nítorí pé ìfúnpọ̀ àti àríyànjiyàn owó inú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó pẹ́ kí ẹnì kan tó wí fún ẹnì kejì pé kí ó bọ́ sílẹ̀ kí àwọn jà.

Báwo ni gbẹ́nàgbẹ́nà ayé ìgbà náà ṣe ń mọ pákó tí yóò tọ́? Yóò wo bí ojú igi náà ṣe lọ; yóò fi ìka kàn án, yóò sì tẹ́tí sí ìró rẹ̀; yóò wá ihò kòkòrò; yóò gbé e wò kí ó lè mọ̀ bí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé ìrókò kì í tètè jẹrà, ó sì mọ igi tí ìṣó máa ń là. Kò sí ìwé-ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò ní ìdánwò. Ojú ọ̀nà ni yàrá ìdánwò rẹ̀, ọlọ́kọ̀ sì ni ẹlẹ́rìí. Bí àga bá dá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọlọ́kọ̀ yóò padà wá bá a ní ìdí iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì bínú lójú gbogbo ayé. Àṣìṣe àti ẹni tí ó ṣe é kò jìnnà sí ara wọn.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a máa fi ìyìn ayé àtijọ́ bo àléébù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ àti etí ẹnì kan ṣoṣo ni ìmọ̀ náà wà. Bí ó bá kú láìkọ́ ọmọṣẹ́, ìmọ̀ bá a lọ. Kò sí bí ẹni tí ó fẹ́ ra ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ṣe lè kan ìka mọ́ gbogbo pákó inú wọn. Bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, pákó a fọ́ sí wẹ́wẹ́, a sì máa gún èrò bí ọ̀kọ̀.

Ayé Páànù

Ní Èkó, ilé-iṣẹ́ Zarpas, tí Giriki kan dá sílẹ̀, ni ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ bọ́ọ̀sì títí di ọdún 1958 tí Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mólúè dé. Orí ṣáásì ọkọ̀ ẹrù, pàápàá Mercedes-Benz 911, ni àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ ilẹ̀ yìí ń jó páànù lé, wọ́n sì ń to àga sínú rẹ̀ títí àyè ìfẹsẹ̀lé yóò fi tán. Ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ Leyland ń to ọkọ̀ pọ̀ ní àárín ìlú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ wá di aládùúgbò.

Páànù kò fọ́ bí pákó, ṣùgbọ́n ó mú àrùn tirẹ̀ wá. Ìpẹtà ń jẹ ẹ́ láti abẹ́, etí rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ìjókòó náà yí padà: fóòmù wọ inú rẹ̀, awọ ike sì bò ó lójú. Ó rọrùn fún ìdí ju pákó lọ, ṣùgbọ́n ohun méjì bá ìrọ̀rùn yìí wọlé. Èkíní ni pé abẹ ya awọ ike ju bí ó ti lè ya pákó lọ. Èkejì, tí ó burú jù, ni pé inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe fóòmù náà. Bí iná bá ràn án, ó máa ń jó kíákíá, èéfín rẹ̀ sì ní oró. Awọ tí ó bò ó ni ó dà bí ìlẹ̀kùn láàárín iná àti fóòmù. Ẹni tí ó fi abẹ ya awọ náà ti ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní iná lọ́wọ́. Kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni a óò padà sí.

Fáíbà Dé

Nígbà tí Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bọ́ọ̀sì BRT ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2008, ọ̀pọ̀ èrò rí irú ọkọ̀ mìíràn: ìjókòó tí a fi ike ṣe, àti ògiri inú ọkọ̀ tí kì í ṣe pákó tí kì í sì í ṣe páànù. Nínú irú ọkọ̀ báyìí ni ohun-èlò alápòpọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tí àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ wa mọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní fáíbà. Gíláàsì tí a fà tín-ín-rín bí òwú ni wọ́n ń tò ní ìpele ìpele, wọ́n a sì da oje ike lé e lórí títí yóò fi gan. Òwú gíláàsì ni ó ń fún un lágbára. Ike ni ó ń di òwú náà mú. Bí a bá yà wọ́n, ọ̀kan a ṣẹ́, èkejì a tẹ̀. Bí a bá pa wọ́n pọ̀, wọ́n a di ohun tí ó fúyẹ́ ju irin lọ, tí ìpẹtà kò sì lè jẹ.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò ní ọ̀tá. Oòrùn a máa jẹ oje ike náà lójú, títí òwú gíláàsì yóò fi yọ síta tí yóò máa yún ara. Oje tí a kò po oògùn ìdènà iná mọ́ a máa jó pẹ̀lú èéfín dúdú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ike kan wà tí ó le lójú òkúta, ṣùgbọ́n tí wọ́n máa ń sán bí wọ́n bá fi epo bẹntiróò nù wọ́n. Epo bẹntiróò yìí kan náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ọkọ̀ fi ń nu ọ̀dà àti ìkọkúkọ kúrò. Ohun tí wọ́n fi tún un ṣe ni yóò wá bà á jẹ́. Kò sí bí ìka gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe lè gbọ́ gbogbo èyí lára ìró. Fáíbà gba ìdánwò mìíràn.

Ìdánwò àti Òṣùwọ̀n Rẹ̀

Ní ọdún 1874, David Kirkaldy, ọmọ Skọ́tláǹdì, ṣí ilé ìdánwò kan sí Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù, agbègbè tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé lónìí. Ẹ̀rọ ńlá kan wà níbẹ̀ tí ó ń fa irin títí irin yóò fi já. Sí òkè ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan sí, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ tí ó fojú hàn ni wọ́n ń fẹ́, wọn kò fẹ́ èrò ọkàn. Nígbà tí afárá odò Tay wó ní Skọ́tláǹdì ní ọjọ́ 28, oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1879, tí ọkọ̀ ojú irin sì bá a lọ sínú omi, ọ̀dọ̀ Kirkaldy ni wọ́n kó àwọn irin afárá náà lọ fún àyẹ̀wò. Láti ìgbà bẹ́ẹ̀ ni ayé ti ń kọ́ pé kì í ṣe ẹnu oníṣòwò ni a fi ń mọ agbára ohun-èlò.

Ṣùgbọ́n òótọ́ tí ó fojú hàn lè tan ni bí a kò bá bi í ní ìbéèrè tí ó yẹ. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó tọ́ kí a bi ìdánwò kí a tó gbà á gbọ́.

Èkíní ni èyí: ṣé ohun tí ìdánwò náà ń wọ̀n ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà? Ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ mọ odò wẹ̀ kò ní fún un ní ìwé àti kálàmù. Ní ọdún 1942 ni Martindale, ní ilé ìwádìí irun àgùntàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ẹ̀rọ tí ń fi aṣọ ra aṣọ lẹ́ẹ̀mẹwàá-lẹ́ẹ̀gbẹ̀rún kí a lè mọ èyí tí yóò tètè gbó. Ìdánwò náà wúlò títí di òní. Ṣùgbọ́n ìdí èrò tí ń ra ìjókòó ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nípa abẹ. Ìjókòó lè yege lórí ẹ̀rọ Martindale láàárọ̀, kí ọwọ́ kan sì yà á bàrà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ó bá ka ìwé-ẹ̀rí náà bí ẹ̀rí pé ọwọ́ abanǹkanjẹ́ kò ràn án ti ṣi ìwé kà.

Èkejì ni èyí: bí a bá tún ìdánwò náà ṣe, ṣé èsì kan náà ni yóò fún wa? Àwọn ìyálọ́jà Ọjà'ba mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọn gàárì, ṣùgbọ́n kóńgò ju kóńgò lọ. Òmíràn wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Bí gàárì kan náà bá kún kóńgò mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹnì kan, tí ó sì kún méjìlá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àrùn kò sí lára gàárì, ara kóńgò ni ó wà. Nítorí èyí ni àjọ ISO, tí ń ṣe ìlànà fún gbogbo ayé, fi gbé ìlànà 5725 kalẹ̀, tí wọ́n sì tún un ṣe ní ìpín ìpín ní ọdún 1994. Ó ní kí a kọ́kọ́ wo bí èsì ṣe ń yàtọ̀ nígbà tí ẹnì kan náà ń lo ẹ̀rọ kan náà. Lẹ́yìn náà kí a pín ohun-èlò kan náà fún ilé ìdánwò púpọ̀, kí a sì wo bí èsì wọn ṣe jìnnà sí ara wọn tó. Bí ìyàtọ̀ àárín ilé ìdánwò méjì bá ju ìyàtọ̀ àárín ohun-èlò rere àti búburú lọ, ìdánwò náà kò tíì tó gbójú lé.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí olùkọ́ yóò tètè lóye: ṣé ìdánwò náà lè ya èyí tí ó dára sọ́tọ̀? Ìdánwò tí gbogbo kíláàsì gba ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀ kò sọ ẹni tí ó mọ̀wé. Bákan náà ni ìdánwò tí gbogbo ohun-èlò yege nínú rẹ̀. Ẹni tí ń tajà nìkan ni ó ń ṣe lóore.

Ìjókòó tí A Gé àti Èyí tí A Kò Gé

Ibi tí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé ni orí ìjókòó ọkọ̀. Ní ọdún 1979 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà BS 5852 jáde, láti mọ̀ bóyá sìgá tàbí iná ìṣáná lè ran àga onífóòmù. Àjọ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, UIC, tilẹ̀ ní ìdánwò kan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn tí ó wọn 100 gíráàmù ṣe bí ìrọ̀rí, tí wọ́n gbé e sórí ìjókòó, tí wọ́n sì tanná ràn án. Ìdánwò yìí kò mú ọlá dání, ṣùgbọ́n ó bá ayé mu, nítorí pé ìwé ìròyìn ni èrò máa ń fi sílẹ̀, òun náà sì ni ọwọ́ búburú máa ń ràn níná.

Ṣùgbọ́n bí a bá jó ìjókòó tuntun, awọ tí ó dì pinpin ni iná yóò bá pàdé. Níbo ni a ti ń rí ìjókòó bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta? Èyí ni ó mú kí àwọn ará Yúróòpù, nínú ìlànà EN 45545-2 ti ọdún 2013 àti EN 16989 ti ọdún 2018, pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ dán ìjókòó wò. Bí ọ̀bẹ bá lè wọ̀ ọ́, àfi kí wọ́n jó o pẹ̀lú ọgbẹ́ rẹ̀. Ìbàjẹ́ àti iná, tí wọ́n ti jẹ́ ìdánwò méjì tẹ́lẹ̀, wá di ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti jẹ́ ọ̀kan lójú ọ̀nà.

Ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ 18, oṣù Èrèlé, ọdún 2003, ọkùnrin kan dáná sí inú ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ ní ìlú Daegu ní ilẹ̀ Kòríà. Iná kò dúró níbi tí epo rẹ̀ dà sí. Ìjókòó onífóòmù gbà á, ògiri fáíbà gbà á lọ́wọ́ ìjókòó, ọkọ̀ kejì tí ó wọ ibùdó náà sì gbà á lọ́wọ́ èkíní. Ènìyàn 192 ni ó kú. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Kòríà pàrọ̀ ohun inú àwọn ọkọ̀ náà sí èyí tí kì í jó. Ọwọ́ ẹnì kan ni ó dá iná. Ohun-èlò tí a yàn láìwòye ni ó sọ ọ́ di àjálù.

Ohun tí Ó Kù fún Wa

Àǹfààní wo ni èyí ní fún ọkọ̀ tí ń sáré láti Mọ́lété sí Bẹẹrẹ? Kì í ṣe pé kí a da ìlànà àwọn ará òkè òkun nù. Kì í sì í ṣe pé kí a gbé e mì láìjẹ. Ìbéèrè èkíní ni kí a fi wò ó. Ní Yúróòpù, abanǹkanjẹ́ ni ọ̀dọ́ tí ó mú ọ̀bẹ tàbí ọ̀dà lọ́wọ́. Níhìn-ín, a ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí ń ba ọkọ̀ wa jẹ́ kì í ṣe ìkà. Agbọ̀n ata ni, abọ́ irin ni, ìwo ewúrẹ́ ni, àti èrò mẹ́rin lórí àga ènìyàn mẹ́ta. Lékè gbogbo rẹ̀, oòrùn ń pa ọkọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ohun-èlò tí wọ́n dán wò ní tuntun nínú yàrá tútù kò tíì bá oòrùn Ìbàdàn pàdé.

Nítorí náà, ìwé àkọsílẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣáájú ẹ̀rọ. Kí a kọ́kọ́ lọ sí gáréèjì, kí a wo ibi tí ìjókòó ti ń ya àti ohun tí ó ya á. Àwọn tí ń rán ìjókòó, àwọn tí ń lẹ fáíbà àti àwọn ọmọ ọkọ̀ mọ ohun púpọ̀ tí kò sí nínú ìwé. Lẹ́yìn náà kí a sá ohun-èlò sí oòrùn, kí a tó lù ú, kí a tó gé e, kí a tó jó o. Kí a sì to irú ìjókòó mẹ́rin tàbí márùn-ún sínú ọkọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ gan-an fún ọdún kan, kí a fi ipò tí ojú ọ̀nà fún wọn wé ipò tí yàrá ìdánwò fún wọn. Bí èyí tí ó ṣe ìkíní nínú yàrá bá ṣe ìkẹyìn lójú ọ̀nà, ìdánwò ni ó kùnà, kì í ṣe ìjókòó.

Irinṣẹ́ kò wọ́n wa pátápátá. Òfin ọdún 1971 ti gbé àjọ SON kalẹ̀ láti máa ṣe ìlànà fún ọjà. Àjọ NADDC tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti kọ́ ilé ìdánwò ohun-èlò sí Enugu. Yunifásítì Ìbàdàn àti Pólì Ìbàdàn sì wà nílé. Ohun tí ó kù ni kí ẹni tí ń fi owó ìlú ra ọkọ̀ máa béèrè ju ìwé-ẹ̀rí lọ.

Ó sì yẹ kí ìdánwò tí ó jẹ́ olóòótọ́ sọ ibi tí agbára rẹ̀ pin sí. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020, wọ́n dáná sun ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ní ibùdó Oyíǹgbò ní Èkó. Kò sí fáíbà tí a lè bá wí nítorí èyí. Ìbínú ìgboro kì í ṣe ohun tí yàrá ìdánwò lè wọ̀n. Ìjọba àti ará ìlú ni yóò wá oògùn rẹ̀. Oníṣòwò tí ó bá ní ohun-èlò òun kò ní ọ̀tá kankan ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé òun kò dán an wò tó.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ayé bọ́lẹ̀kájà kò mọ ISO, kò sì mọ Kirkaldy. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun kan tí ayé ìwé-ẹ̀rí ti fẹ́ gbàgbé: pé lọ́jọ́ kan, ẹni tí ó jókòó lórí pákó náà yóò padà wá bá òun. Bí ìdánwò òde òní kò bá lè gbọ́ ohùn ẹni tí ó jókòó, nọ́ńbà rẹ̀ ìbáà pọ̀ bí iyanrìn, kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú ni.